Egbò Tó Dákẹ́

Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi wẹ egbò ní ìlú Jos. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá bá mi nílé ní Kabong, tí ẹ ń béèrè bóyá iṣẹ́ nọ́ọ̀sì dára, ẹ kì í béèrè ohun tó yẹ kí ẹ béèrè. Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ lẹ máa ń fẹ́ mọ̀, àti iye tí wọ́n ń san. Wọ́n gbà mí nítorí pé mo kàwé, mo gbọ́ Haúsá, mo gbọ́ Yorùbá, ẹ̀jẹ̀ kò sì bà mí lẹ́rù. Owó oṣù tó jẹun. Ó parí. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín ni bí iṣẹ́ náà ṣe máa ń mọ́ ojú lára, àti ohun tí ojú tí iṣẹ́ ti mọ́ lára lè ṣe fún ọmọlọ́mọ.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí mi ti wá ta aṣọ, Jos ni wọ́n bí mi sí. Ilé ìwòsàn tí mo ti ṣiṣẹ́ kò tóbi. Yàrá egbò wà ní ìpẹ̀kun ọgbà, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ, fèrèsé rẹ̀ sì kọjú sí ihò ńlá kan tí àwọn awakùsà ìgbà òyìnbó gbẹ́ sílẹ̀. Omi ti kún inú ihò náà. Omi dúdú ni. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ a máa fẹ́ títí òrùlé á fi máa ké, omi yẹn kì í mì. Àwọn aláìsàn kì í fẹ́ dùbúlẹ̀ kọjú sí i. Wọ́n á ní kí n yí àwọn padà sí ògiri.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Bàbá Pam, ọmọ Berom láti Vom, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í rẹ́rìn-ín lẹ́nu iṣẹ́. Haúsá ni àwa méjèèjì ń sọ. "Yarinya" ló ń pè mí, ìyẹn ọmọdébìnrin, kò sì yí i padà títí mo fi lé ní ogójì ọdún. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan egbò kankan. Mo ń gé gọ́ọ̀sì, mo ń se irin iṣẹ́ lórí sítóòfù, mo ń fọ ọwọ́ títí awọ ìka mi fi ń bó. Láràárọ̀ ni yóò ní kí n dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí n di ojú mi, kí n sọ ohun tó wà lórí ibùsùn.

"Imú rẹ ni kó kọ́kọ́ wọlé," ló máa ń wí. "Ojú a máa rí ohun tó bá fẹ́ rí."

Bí mo bá ṣì í, mo padà sídìí sítóòfù nìyẹn. Lọ́jọ́ kan mo bá obìnrin kan tó wá kí aláìsàn rẹ́rìn-ín nígbà tí egbò ṣì wà ní ṣíṣí. Bàbá Pam tọ́ka sí ẹnu ọ̀nà. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò bá mi sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹrin ó gbé abọ́ irin fún mi bí ẹni pé ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀.

Ó kọ́ mi láti máa ya egbò. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, a ó tẹ́ ọ̀rá mímọ́ lé e, a ó fi bírò tọ etí rẹ̀ yípo, a ó sì tún un yà sórí ìwé. "Egbò ń rìn," ni Bàbá wí. "Bí o kò bá yà á, ojoojúmọ́ ni wàá máa sọ pé ibi tó wà lánàá náà ló wà. Má sì bá egbò ṣọ̀rẹ́. Èyí tó bá ti pẹ́ lára, bẹ̀rù rẹ̀ bí ẹni pé òní lo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n."

Mo gbọ́. Mo rò pé mo gbọ́.

Irin iṣẹ́ yí padà lójú mi. Gọ́ọ̀sì tí a ń fi sísọ́ọ̀sì gé bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé nínú ọ̀rá pẹlẹbẹ. A ju sítóòfù nù. Oògùn aláwọ̀ àlùkò tó máa ń ba aṣọ gbogbo ènìyàn jẹ́ lọ, wọ́n ní ká lo omi iyọ̀, nígbà tó yá wọ́n ní ká lo oyin. Ìbọ̀wọ́ tí à ń fọ̀ tí à ń sá sórí okùn di èyí tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bàbá Pam fẹ̀yìn tì, ó padà sí Vom, mo di ọ̀gá yàrá. Àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù ya fọ́tò egbò, wọ́n ń fi ìwé àti bírò mi ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi ń ya tèmi lọ. Mo ń yà á, mo ń tò ó sínú fáìlì. N kì í padà wò ó.

Ìgbà yẹn ni Tíṣà Àlàbá dé.

Ọmọ Èkìtì ni, ìjọba ló gbé e wá sí Plateau nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, kò sì padà sílé mọ́. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Anglo Jos ló ti ń kọ́ni. Àwọn ọmọ ilé ìwé sọ ọ́ ní Malam Tsaye, Tíṣà Olóòró, nítorí pé kò sẹ́ni tó rí i jókòó rí. Wọ́n rò pé ìwà líle ni. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó lọ gba iṣẹ́ aṣọ́nà kó lè máa dúró sẹ́yìn láìsí ẹni tí yóò bi í léèrè. Kò lè jókòó ni. Láti bí ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni eéwo ti ń sọ ọ́, abẹ́ abíyá ló ti bẹ̀rẹ̀, ó wá sọ̀kalẹ̀ sí ìdí. Èyí tó bá tú, a jiná, òmíràn a sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpá rẹ̀. Ó lé lógún ọdún tí èyí ti ń ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé yín. Àìsàn awọ ara ni. Kì í ràn. Ìdọ̀tí kọ́ ló fà á, kì í sì í ṣe àfọwọ́fà. Ṣùgbọ́n ojú ayé kò jẹ́ kó sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni àfi ìyàwó rẹ̀, Màmá Dúpẹ́, tó ń dá aṣọ rẹ̀ fọ̀ lọ́tọ̀ lẹ́yìnkùlé kí àwọn alájọgbé má baà rí àbàwọ́n.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wẹ̀ ẹ́, mo fi abẹ́rẹ́ tí kò ní ẹnu rọ omi iyọ̀ sínú ihò kan ní ìdí ọ̀tún. Mo ń retí kó ṣàn padà jáde. Kò jáde. Mo tún rọ sí i. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí ènìyàn bá mí kanlẹ̀, omi náà sì yọ ní ìdí òsì, ó tó àtẹ́lẹwọ́ méjì sí ibi tí mo ti rọ ọ́. Irun ara mi dìde. Tíṣà rẹ́rìn-ín sínú ìrọ̀rí.

"Nọ́ọ̀sì Rónkẹ́, ilé òkété lẹ dé yẹn. Ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ pọ̀."

Ọdún mẹ́rin ló fi ń wá, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì. Bí mo bá ti di bándéèjì tán, yóò ní, "Ẹ ṣé o, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́," èmi náà á ní, "Ẹ kú ìfaradà, Tíṣà." Mo mọ ihò kọ̀ọ̀kan lára rẹ̀ bí mo ṣe mọ àwọn kòtò ojú ọ̀nà Kabong. Mo bá egbò náà ṣọ̀rẹ́.

Ní àárọ̀ ọyẹ́ kan, tí kùrukùru bo omi ẹ̀yìn fèrèsé mọ́lẹ̀, Tíṣà wọlé, kò dùbúlẹ̀ kíákíá bí ó ti máa ń ṣe.

"Nọ́ọ̀sì, ó ti dákẹ́."

"Kí ló dákẹ́, sà?"

"Apá òsì. Kò dùn mí mọ́. Láti ọjọ́ yìí wá tó ti ń gún mi, tó ń jó mi, tó ń jí mi. Ó ti dákẹ́." Ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn, kò fi kan ara. "Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ní ayálégbé oníjà, tí ariwo rẹ̀ wá dáwọ́ dúró lójijì. Ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì láti inú. Kò sì sẹ́ni tó rí i kó kó jáde."

Mo ní, "Ẹ ṣọpẹ́, Tíṣà. Ó fẹ́ jiná ni."

Mo wò ó. Ihò méjì ní apá ọ̀tún ti pa dé. Ní òsì, ẹran pupa ń yọ bọ̀ láti inú ihò. Ẹran tuntun ni à ń wá nínú egbò, òun ni ó máa ń dí i. Inú mi dùn débi pé mo pe àwọn nọ́ọ̀sì yòókù wá wò ó. Mo kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀: ó ń jiná dáadáa.

Lóṣù tó tẹ̀lé e, ẹran náà ti ga ju awọ lọ. Mo ní ẹran pọ̀jù ni, mo fi oògùn tó ń jó ẹran jó o. Bí mo bá jó o lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó di eérú, ní ọjọ́ Ẹtì ó ti padà, bí ẹni tó jáde lọ mú nǹkan tó tún wọlé. Tíṣà kò ké ìrora rárá. Mo lè fi fọ́séèpù tẹ̀ ẹ́, yóò máa sọ ìtàn ilé ìwé fún mi. Etí rẹ̀ le bí ètè ìkòkò amọ̀. Nígbà tó yá, orí rẹ̀ rí wúruwùru, bí kọ́lífláwà tí wọ́n ń tà ní ọjà Farin Gada, bí a bá sì ti fi òwú kàn án, á ṣẹ̀jẹ̀. Òórùn rẹ̀ náà yí padà. Mo gbọ́ òórùn yẹn. Mo ní bóyá ọṣẹ tuntun tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀ ni.

Oṣù méje ni.

Ní oṣù keje yẹn ni Bàbá Pam wá gba ìpara ẹsẹ̀ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti funfun, kò ríran mọ́, ìyàwó rẹ̀ ló fà á lọ́wọ́ wá. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́nu ọ̀nà yàrá egbò. Tíṣà wà lórí ibùsùn. Mo gbọ́ tí ọ̀pá Bàbá kan ilẹ̀.

"Yarinya, ta ló wà níbẹ̀?"

"Tíṣà kan ni, Bàbá. Egbò àtijọ́."

Ó fi imú fa afẹ́fẹ́. "Àtijọ́ kọ́," ló wí. "Ẹni tó ni ilé àtijọ́ yẹn ti kú. Nǹkan mìíràn ló ń gbé inú rẹ̀."

Haúsá ló sọ, Tíṣà sì gbọ́ Haúsá ju èmi lọ. Kò yíjú padà. Mo di bándéèjì náà, ó ní, "Ẹ ṣé o," mo sì bẹ̀ ẹ́ kó dúró ná.

Bàbá ní kí n lọ mú ìwé tí mo ti ya egbò náà. Mo kó méjèèje ti oṣù méje náà wá. Ó ní kí n tò wọ́n lé ara wọn, kí n gbé wọn mọ́ gíláàsì fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè gba inú wọn kọjá, kí n sì máa sọ ohun tí mo rí fún òun. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Apá ọ̀tún ń kéré láti orí ìwé dé orí ìwé, ó ń parẹ́. Apá òsì ń fẹ̀. Kò fẹ̀ yípo bí egbò ṣe máa ń fẹ̀. Ìhà kan ló ń nà sí, bí ohun tó ń rọra yí orí padà láti wo ẹni tó ń yà á. Ọwọ́ mi ló yà á. Déètì wà níbẹ̀, àmì orúkọ mi wà níbẹ̀. Ní abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo kọ ọ́ sí pé ó ń jiná.

"O ti sọ tán?" ni Bàbá wí.

"Mo ti sọ tán."

"Pe dókítà."

Dókítà gé díẹ̀ níbi etí rẹ̀ àti díẹ̀ ní àárín, wọ́n kó o lọ fún àyẹ̀wò. Nígbà tí èsì dé, jẹjẹrẹ awọ ara ni. Dókítà ṣàlàyé fún Tíṣà àti Màmá Dúpẹ́ pé kì í sábà ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń ṣẹlẹ̀: awọ tó bá ti ń wú, tó ń ya, tó ń jiná, tó tún ń ya fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọjọ́ kan lè dé tí àtúnṣe rẹ̀ kò ní mọ ibi tó yẹ kó dúró sí. Màmá Dúpẹ́ béèrè pé, "Ṣé ó ti pẹ́ níbẹ̀?" Dókítà wo ojú mi. Mo wo ilẹ̀.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ. Wọ́n gé e jìnnà, wọ́n mú awọ itan lẹ̀ ẹ́. Ó jiná lóòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Lẹ́yìn oṣù bíi mẹ́ta, mo lọ kí wọn nílé, mo bá Tíṣà lórí àga nínú pálọ̀, ó jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Màmá Dúpẹ́ kò lè kúrò lójú kan. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbéyàwó, òun kò tíì rí orí ọkọ òun láti òkè bẹ́ẹ̀ rí. Òun kò mọ̀ pé ó ti ń pá.

Lẹ́yìn náà ni kókó yọ ní abẹ́ itan rẹ̀. Ọ̀kan. Ó di mẹ́ta. Dókítà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní jẹjẹrẹ náà ti rìn kọjá ibi tí ọ̀bẹ lè dé.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni n kò fi sùn dáadáa. Wọ́n ní a kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì. Ẹni tí orí rẹ̀ mì nìkan ni òwe yẹn ń tù nínú. Ta ni yóò pa á fún ẹni tó ń kú? Mo gbéra lọ sílé wọn láàárọ̀ ọjọ́ kan. Eruku ọyẹ́ bo gbogbo àdúgbò débi pé n kò rí ilé tó kọjú sí tiwọn. Tíṣà wà lórí ibùsùn, ó ti rù. Mo kúnlẹ̀.

"Tíṣà, mo ní ọ̀rọ̀ kan. Oṣù méje ni nǹkan yẹn fi wà lójú mi. Mo yà á. Mo gbọ́ òórùn rẹ̀. Mo ń kọ ọ́ pé ó ń jiná. Ká ní mo tètè pe dókítà..."

"Mo mọ̀," ló wí.

"Bàbá Pam ló sọ fún yín?"

"Mo ti mọ̀ kí bàbá yẹn tó dé. Ta ló mọ ara mi tó mi? Ọjọ́ tó dákẹ́ ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe òun mọ́." Ó sinmi kó tó máa bá a lọ. "Ẹ pe àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké wá wò ó, ẹ rántí? Láti bí ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni máa wo ibẹ̀ tí inú rẹ̀ máa dùn. N kò fẹ́ bà á jẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́."

Ẹkún gbé mi. Ó jẹ́ kí n sunkún tán.

"A jọ dákẹ́ ni," ló wí. "Èmi, ẹ̀yin, àti òun. Ẹ dìde, orókùn yín á máa ro yín."

Ó kú kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀. Màmá Dúpẹ́ ránṣẹ́ sí mi, ó ní òun kò fẹ́ kí àjèjì kankan rí ìdí ọkọ òun. Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́. Ọ̀sán ni, ìmọ́lẹ̀ wà nínú yàrá, síbẹ̀ òtútù mú mi. Mo nu àwọn àpá abẹ́ abíyá rẹ̀, mo nu ojú iṣẹ́ abẹ, mo di gbogbo rẹ̀ ní funfun bí mo ti máa ń ṣe. Nígbà tí mo dì í tán, mo dúró. Mo dúró tó ìṣẹ́jú kan, mo gbé orí tì sí ẹ̀gbẹ́, kó tó yé mi pé ohun tí mo ń dúró dè ni "Ẹ ṣé o." Mo sì lè fi Bíbélì búra pé kì í ṣe pé n kò gbọ́ nǹkan kan rárá. Mo gbọ́ bí ìgbà tí ènìyàn bá mí kanlẹ̀. Màmá Dúpẹ́ wà lẹ́nu ọ̀nà, òun náà gbé ojú sókè. A kò sọ ọ́ fún ara wa títí dòní.

Láti ọjọ́ náà, mo yí padà. Ẹnikẹ́ni tí àìsàn awọ bá ti ń bá fínra fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ojú kan níbẹ̀ wá yàtọ̀ sí bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, yálà ó ga, ó le, ó ń ṣẹ̀jẹ̀, tàbí ó dákẹ́, èmi kì í dá a jó, èmi kì í dá a kọ. Dókítà ni mo ń pè kí wọ́n gé díẹ̀ wò. Àwọn dókítà kan ń pè mí ní oníyọnu. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ èsì ló ń padà wá pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Kò dùn mí.

Ọdún tí mo máa fẹ̀yìn tì ni Ìyá Rìsí dé, ará Ọ̀yọ́ tó ń ta ànàmọ́ òyìnbó. Ojú àpá róbótó róbótó, tó ti pá tó sì funfun, ló kún orí àti etí rẹ̀. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí wọ́n ti wà lára rẹ̀. Oòrùn ló máa ń ru ú sókè, ìdí nìyẹn tí gèlè kì í fi í kúrò lórí rẹ̀. Ìpara ló wá gbà. Mo rí ojú kan létí rẹ̀ lókè, kò tóbi ju hóró àgbàdo lọ, ó le.

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí dókítà gé èyí wò."

"Haba, Nọ́ọ̀sì! Kò dùn mí."

"Ìdí tí mo fi ní kí wọ́n gé e nìyẹn."

Ó yarí. Ó ní nǹkan òun ni, òun bá a dàgbà, ó mọ òun, òun mọ̀ ọ́n. Ó dìde, ó gba ọ̀nà ọjà lọ. Mo bọ́ aṣọ iṣẹ́ mi, mo tẹ̀lé e. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò ànàmọ́ rẹ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀ lórí. Ó ń ta ọjà rẹ̀ lọ. Àwọn oníbàárà ń wò wá. Mo wá sọ ìtàn Tíṣà fún un, láìdárúkọ rẹ̀. Ó palẹ̀ ọjà rẹ̀ mọ́, ó tẹ̀lé mi.

Jẹjẹrẹ ni, ṣùgbọ́n kò tíì rìn. Wọ́n gé orí etí náà kúrò, ó sì tán. Lọ́jọ́ tí dókítà sọ fún un pé ó ti bọ́, mo rò pé yóò jó. Kò jó. Ó jókòó síwájú mi, ó ń fi ìka wá ibi tí etí rẹ̀ ti dín kù.

"Ṣé bí ẹ kò bá yọ mí lẹ́nu ni, ǹ bá wà lọ́jà báyìí, inú mi ì bá máa dùn, òun náà ì bá sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

Ó wé gèlè rẹ̀ padà, ó fà á le, ó sì wo ilẹ̀kùn, níbi tí àwọn mìíràn jókòó sí lórí bẹ́ńṣì.

"Ẹ lọ yọ àwọn yẹn náà lẹ́nu," ló wí.